Omi Wọ Ibojì, Ooru Wọlé: Àyípadà Ojú Ọjọ́ Lára Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Ọsirélíà

Ní ọdún 2016, Patrick Nunn, onímọ̀ nípa bí ilẹ̀ ayé ṣe rí, àti Nicholas Reid, onímọ̀ èdè, gbé iṣẹ́ kan jáde tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tọ́ka sí. Wọ́n kó ìtàn jọ láti ibi 21 yíká etíkun Ọsirélíà, ìtàn tí àwọn Aborijínì ti ń sọ fún ọmọ, tí ọmọ ń sọ fún ọmọ-ọmọ. Ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé: ibi tí òkun wà lónìí, ilẹ̀ ni láyé àwọn baba ńlá wa; wọ́n rìn níbẹ̀, wọ́n ṣọdẹ níbẹ̀, kí omi tó dé. Omi ńlá Port Phillip Bay tí ìlú Melbourne wà létí rẹ̀ wà lára àwọn ibi náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi ìtàn wọ̀nyí wé ohun tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ nípa bí òkun ṣe kún nígbà tí yìnyín ayé àtijọ́ yọ́, wọ́n rí i pé ìrántí náà ti lé ní 7,000 ọdún.

Àwọn kan máa ń fi irú ìtàn báyìí tu ara wọn nínú. Wọ́n á ní ẹ̀yà tó ti rí i kí òkun gbé ilẹ̀ mì, tó sì yè é, kò sí ohun tí ojú ọjọ́ tún lè fi ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láyé ọjọ́un, àwọn tí omi lé ṣí sókè, wọ́n bá ìbátan àti àna wọn sọ̀rọ̀, òfin tiwọn ló sì sọ ibi tí wọ́n lè tẹ̀dó sí. Lónìí, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ti di oko màlúù, ibi ìwakùsà tàbí ìlú ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ abúlé tí wọ́n ń gbé, ìjọba tàbí àwọn míṣọ́nnárì ló kó wọn lọ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń gba ara wọn sílẹ̀ nígbà náà, ìyẹn àṣẹ lórí ilẹ̀, lórí iná, lórí omi àti lórí ilé, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wọn kí ooru tó dé. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ojú yẹn ni màá sì fi wo gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yà méjì ló yẹ ká máa dárúkọ, kí a má dà wọ́n pọ̀. Àwọn Aborijínì ló ni ilẹ̀ ńlá Ọsirélíà àti Tasmania. Àwọn ará Torres Strait ló ni àwọn erékùṣù tó wà láàárín Ọsirélíà àti Papua New Guinea, àṣà àti èdè wọn sì yàtọ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn ẹ̀yà méjèèjì jẹ́ 812,728, ìyẹn ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ará Ọsirélíà. Ní ibi àpáta Madjedbebe ní àríwá, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ohun èlò tí wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí 65,000 ọdún. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀dó ní ọdún 1788, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lé ní 250.

Fún àwọn ènìyàn yìí, ìbátan ẹni ni ilẹ̀. Omi, ẹranko, ìràwọ̀, orin, òkú àti òfin wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí ibẹ̀ sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtọ́jú. Ìdí nìyẹn tí ìwé ètò ìlera àwọn Aborijínì tó jáde ní 1989 fi sọ pé ìlera kọjá kí ara ẹnìkan le. Ó kan àlàáfíà ọkàn, àwùjọ àti àṣà gbogbo ìlú. Àwa tí a ń ri ìwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀, tí a sì ń fi ilẹ̀ búra, a lè lóye èyí ju ọ̀pọ̀ dókítà lọ. Bí a bá ka ipa ojú ọjọ́ bí ẹni ń ka iye ilé tó wó àti iye ènìyàn tó kú nìkan, ìdajì ìpalára náà la ó rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Torres Strait, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti hàn kedere jù. Boigu àti Saibai jẹ́ erékùṣù ẹrẹ̀ lẹ́bàá Papua New Guinea. Masig, Poruma, Warraber àti Iama wà lára àwọn erékùṣù tó wà ní àárín òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ yanrìn tó gúnlẹ̀ lórí òkìtì iyùn. Ilẹ̀ Saibai kò ga ju mítà méjì lọ sókè òkun lọ́pọ̀ ibi. Òkun agbègbè náà ti ń ga sókè ní bíi sẹ̀ntímítà 6 láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń ga káàkiri àgbáyé. Nígbà tí ìgbì ńlá bá dé, omi iyọ̀ a wọ oko ẹ̀gẹ́, iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi àgbọn a sì gbẹ. Ọmọ Ìlàjẹ tó ti rí bí òkun ṣe ń jẹ Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kò nílò kí n ṣàlàyé púpọ̀.

Ṣùgbọ́n oko kọ́ ló ń dun àwọn àgbà ibẹ̀ jù. Ibojì ni. Ní Torres Strait, ẹni tó kú kò kúrò láàárín ẹbí. Wọ́n a máa lọ bá a sọ̀rọ̀ létí ibojì rẹ̀, wọ́n a máa tún ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n a ṣí aṣọ lójú òkúta ibojì náà pẹ̀lú ijó àti àsè ńlá, ọmọ tó wà lókèèrè a sì wálé. Ìsìnkú kò tíì parí títí di ọjọ́ náà. Yessie Mosby, ọmọ erékùṣù Masig, ti sọ fún gbogbo ayé bí òun àti àwọn ọmọ òun ṣe ṣa egungun ìyá ńlá òun létí òkun lẹ́yìn tí omi ti hú ibojì rẹ̀. Kí ni bàbá yóò sọ fún ọmọ lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kò sí ètò ìrànwọ́ kankan tó ní orúkọ fún ọgbẹ́ yẹn, kò sì sí fọ́ọ̀mù tí a lè kọ ọ́ sí.

Mosby wà lára àwọn ará Torres Strait mẹ́jọ tí wọ́n gbé ìjọba Ọsirélíà lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2019. Wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀ náà pé títọ́jú ibojì àwọn baba ńlá àti bíbá wọn sọ̀rọ̀ ni ọkàn àṣà àwọn, àti pé àwọn ayẹyẹ kan wà tí kò ní ìtumọ̀ bí wọn kò bá ṣe é lórí erékùṣù náà gan-an. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìgbìmọ̀ náà dá wọn láre lórí nǹkan méjì: ẹ̀tọ́ wọn sí ilé àti ẹbí, àti ẹ̀tọ́ wọn láti gbádùn àṣà wọn. Wọ́n ní Ọsirélíà kò tètè ṣe ohun tó tó láti dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì ní kí ó san owó gbà-má-bínú fún wọn. Wọn kò dá wọn láre lórí ẹ̀tọ́ sí ìyè. Síbẹ̀, mo ka ìdájọ́ yìí sí ohun ńlá, nítorí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà pé bí ìjọba bá jókòó tí òkun ń ba ibojì àti ayẹyẹ jẹ́, ó ti ṣẹ ènìyàn.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Pabai Pabai ti Boigu àti Paul Kabai ti Saibai pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ ní 2021. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2025, Adájọ́ Michael Wigney dá ẹjọ́ náà. Lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ gbọ́: ó ní ojú ọjọ́ ń ba àwọn erékùṣù náà jẹ́, àti pé nígbà tí ìjọba ń gbé ìlérí kalẹ̀ lórí dídín èéfín kù ní 2015, 2020 àti 2021, kò ka ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ sí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kò sọ pé ìjọba jẹ wọ́n ní gbèsè ìtọ́jú lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀ràn ìlànà ìṣèjọba ni; ó sì ní òfin Ọsirélíà bó ṣe wà kò ní ọ̀nà tí yóò fi san ẹ̀san fún àṣà tó bá sọnù. Ọ̀nà tó kù fún wọn ni kí wọ́n máa pariwo, kí wọ́n máa fẹ̀hónú hàn, kí wọ́n sì lọ dìbò.

Kí wọ́n lọ dìbò. Ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo àwọn ọmọ onílẹ̀ lápapọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2023, wọ́n bi gbogbo Ọsirélíà bóyá kí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ìgbìmọ̀ agbọ̀rọ̀sọ tí òfin ilẹ̀ náà mọ̀, tí yóò máa gba ilé aṣòfin nímọ̀ràn. Bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló sọ pé rárá. Ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n tọrọ, wọn kò rí i gbà. Èmi kò rò pé adájọ́ náà ṣe ìkà. Ohun tó wà nínú ìwé òfin ló sọ. Ìkà wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀, tó rí ọgbẹ́, tó ṣàpèjúwe rẹ̀ láìfi ohun kan pa mọ́, tó sì ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ọmọ erékùṣù Mer ní Torres Strait kan náà, Eddie Koiki Mabo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló mú kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ọsirélíà jẹ́wọ́ ní oṣù kẹfà 1992 pé irọ́ ni pé ilẹ̀ náà kò ní olówó kí òyìnbó tó dé. Òfin tó ti yí padà nígbà kan lè yí padà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba ti kọ́ ògiri. Èyí tí wọ́n parí sí Saibai ní 2017 ná wọn ní dọ́là Ọsirélíà tó lé ní mílíọ̀nù 24, wọ́n sì ti ya mílíọ̀nù 40 sọ́tọ̀ fún àwọn erékùṣù mìíràn. Ó wúlò, kí n má parọ́. Ó ń dá ìgbì dúró. Kò lè dá omi iyọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé dúró. Ní ti pé kí wọ́n kúkú kó kúrò, àwọn ará Saibai mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: lẹ́yìn ìkún omi ní apá ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn ẹbí kan ṣí lọ sórí ilẹ̀ ńlá ní Cape York, wọ́n sì tẹ àwọn ibi tí a mọ̀ sí Bamaga àti Seisia lónìí dó. Àwọn fúnra wọn ló pinnu nígbà náà. Ohun tí àwọn tó kù ń sọ báyìí ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣíṣí kúrò ṣe ètò fún wọn kó tó dáwọ́ èédú àti gáàsì dúró, pàápàá Ọsirélíà tó wà lára àwọn tó ń ta méjèèjì sókè òkun jù lọ lágbàáyé.

Lórí ilẹ̀ ńlá, ìpalára náà kì í sábà ní ariwo òkun. Ní Kakadu ní àríwá, ìgbà mẹ́fà làwọn Bininj ní nínú ọdún. Ìjì kan wà ní Banggerreng, ní bíi oṣù kẹrin, tó máa ń wó koríko gíga lulẹ̀. Bí igi kan bá tanná ní Yegge tó tẹ̀ lé e, ó ti tó àkókò láti dáná sun igbó díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀ lè mọ́. Òdòdó ń sọ ìgbà iná, afẹ́fẹ́ ń sọ ìgbà ẹja, kòkòrò ń sọ ìgbà ẹyin. Káàkiri àríwá náà, àwọn àgbà ti ń sọ pé àwọn àmì yìí kò bá ara wọn rìn mọ́. Òdòdó a tan, ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò ní dé. Ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, lórí ilẹ̀ àwọn Noongar, Makuru ni ìgbà òjò àti òtútù. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ti dín ní bíi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 1970. Makuru ṣì wà nínú kàlẹ́ńdà wọn, òjò rẹ̀ ni kò pé mọ́.

Ohun tí ìyẹn ń bà jẹ́ ju oúnjẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ń bẹ nínú ewu. Àbàtà omi dídùn Kakadu, níbi tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ti ń yé ẹyin, tí àwọn ìyá ti ń wa ìjàpá inú ẹrẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ lọ́pọ̀ ibi, omi iyọ̀ sì lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò àgbàlagbà náà. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìgbà ló sọ ọ́ di olùkọ́. Bí ó bá mú ọmọ lọ sí odò tó ní ẹja yóò sanra lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹja kò sì sanra, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ọmọ tí ilé ìwé ti ń sọ fún pé ìmọ̀ òyìnbó nìkan ni ìmọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọkàn kì í sábà rí tètè: nítorí pé gbèsè ìtọ́jú ni wọ́n jẹ ilẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣàìsàn, ìtìjú máa ń wà nínú ìbànújẹ́ wọn. Wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni àwọn kò ṣe. Ẹni tí kò tú èéfín kankan sínú afẹ́fẹ́ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀.

Ooru wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022, ìlú Onslow lórí ilẹ̀ àwọn Thalanyji ní etíkun ìwọ̀-oòrùn gbóná dé ìwọ̀n 50.7 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì, ìwọ̀n kan ṣoṣo tó bá a dọ́gba ní Ọsirélíà ni ti Oodnadatta ní 1960. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti fi bíi ìwọ̀n kan àbọ̀ gbóná sí i láti 1910. Ní àárín aṣálẹ̀, ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn Aborijínì sábà máa ń jẹ́ búlọ́ọ̀kù àti páànù, ohun tó ń dá ooru dúró kò tó lára rẹ̀, ènìyàn sì pọ̀ nínú yàrá. Láyé àtijọ́, wọ́n ń ṣí kiri lọ síbi tí omi àti ibòji wà. Ilé yìí kò ṣeé gbé lọ, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kọ́ ló sì yàwòrán rẹ̀.

Mítà oníkáàdì ni wọ́n sì fi sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà. Ẹni tó bá ra káàdì ló ní iná. Bí owó bá tán, iná kú. Àwa náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Energy ní ọdún 2022 wo ilé tó tó 3,300 ní abúlé 28 ní Northern Territory láàárín ọdún 2018 sí 2019. Ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún ilé wọ̀nyí ni iná kú mọ́ lórí ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún náà. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá tuni lára, ilé kan nínú 17 ni iná lè kú. Láàárín àwọn ilé tó ń lo iná púpọ̀ ní agbègbè àárín aṣálẹ̀, ní ọjọ́ tí ooru tàbí òtútù bá le jù, ilé kan nínú mẹ́ta ni. Ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa. Ọjọ́ tí ènìyàn nílò fáànù jù lọ gan-an ni owó rẹ̀ ń tán.

Ibí yìí ni ìlera ti wọ ọ̀rọ̀ náà tààrà. Ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn kíndìnrín pọ̀ láàárín àwọn Aborijínì àárín aṣálẹ̀ ju ti àwọn ará Ọsirélíà yòókù lọ fíìfíì. Ínsúlìnì gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Ooru ń fi omi ara ṣòfò, ó sì ń pọ́n kíndìnrín lójú. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílò iná tí kì í ṣe ségesège àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà omi mímọ́, nínú ilẹ̀ tí kànga ti ń gbẹ. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gbọ́dọ̀ kó lọ sí Alice Springs, ọ̀pọ̀ sì ń kú síbẹ̀ lọ́dọ̀ àjèjì, jìnnà sí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, àwọn ayàwòrán Pintupi ya àwòrán, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Sydney, owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là sì wọlé. Owó yẹn ni wọ́n fi dá ilé ìtọ́jú tí a mọ̀ sí Purple House sílẹ̀, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní abúlé wọn, tó sì ní ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ náà kiri. Wọ́n fi àwòrán ilẹ̀ wọn ra ẹ̀tọ́ láti kú sílé. Bí ooru bá mú kí abúlé bíi Kintore di ibi tí kò ṣeé gbé, iṣẹ́ ọdún tó lé ní ogún yìí wọ ewu nìyẹn.

Odò náà ní ìtàn tirẹ̀, mo fẹ́ kí a yára gbà á kọjá nítorí ojú ọjọ́ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn Barkandji gba orúkọ wọn láti ara odò Baaka tí òyìnbó ń pè ní Darling. Ní Menindee, láàárín oṣù kejìlá 2018 sí oṣù kìíní 2019, ẹja bíi mílíọ̀nù kan kú. Ní oṣù kẹta 2023, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù tún kú. Ọ̀dá àti ooru wà níbẹ̀, àwọn oko òwú tó ń fa omi lókè odò náà sì wà níbẹ̀. Nínú apá New South Wales ti agbègbè odò ńlá yìí, àwọn Aborijínì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùgbé, omi tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn kò ju ìdá 0.2 lọ. Ìkún omi náà kò yọ wọ́n sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2022, odò Lismore ní ilẹ̀ àwọn Bundjalung ga dé mítà 14.4, omi wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Koori Mail tí àwọn Aborijínì ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1991, ìwé ìròyìn náà kò jáde. Wọ́n sọ ilé náà di ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ àti aṣọ, funfun dúdú ló sì jẹ níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2023, wọ́n fi hẹlikópítà kó gbogbo ará Wujal Wujal, ìlú àwọn Aborijínì, kúrò nílé lẹ́yìn ìjì Jasper.

Iná ni mo fẹ́ fi ẹ̀sọ̀ sọ. Iná ọdún 2019 sí 2020 jó ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 24 hẹ́kítà. Ọdún 2019 náà ló gbóná jù, tó sì gbẹ jù nínú àkọsílẹ̀ Ọsirélíà. Bhiamie Williamson, ọmọ Euahlayi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Canberra ṣírò àwọn tó ń gbé ní àwọn agbègbè tó jó ní New South Wales àti Victoria. Àwọn ọmọ onílẹ̀ jẹ́ ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ìdá 5.4 nínú àwọn tí iná kàn. Williamson kọ̀wé pé ìbànújẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn: ilé ni aládùúgbò ń sunkún, àwọn ń sunkún ibi mímọ́, igi àmì àti ẹranko tó jẹ́ ìbátan ìdílé. Síbẹ̀ iná náà fi nǹkan kan hàn. Ní Budj Bim ní Victoria, níbi tí àwọn Gunditjmara ti gbẹ́ ojú omi sínú àpáta láti fi mú ẹja tó gùn bí ejò, ní nǹkan bí 6,600 ọdún sẹ́yìn, koríko jó lọ, apá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì yọjú. UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ibẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní oṣù keje ọdún 2019 ni.

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń dáná kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, iná tó rọra ń rìn, kí ohun tí iná ńlá yóò jẹ lè dín kù. Ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ fi òfin dá wọn dúró. Victor Steffensen kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn àgbà Kuku-Thaypan méjì ní Cape York, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 2020. Ní ìwọ̀-oòrùn Arnhem Land, níbi tí àgbà ayàwòrán Bardayal Nadjamerrek ti ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sórí ilẹ̀ òkúta tí wọ́n ti ṣí kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò iná dídá tí wọ́n ń pè ní WALFA ní 2006 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 28,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Nítorí pé iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kò tú èéfín tó iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń dín èéfín kù ní ohun tó lé ní 100,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, wọ́n sì ń gbowó lé e lórí. Ilé iṣẹ́ gáàsì kan ní Darwin ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti máa sanwó náà. Inú mi dùn sí iná náà, inú mi kò dùn sí ibi tí owó náà ti wá. Àwọn tí gáàsì wọn ń mú ilẹ̀ gbóná ló ń ra ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn ń gbóná. Bí wọ́n bá ń san owó yẹn fún àwọn onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, láìfi bo èéfín ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò mọ́ jù báyìí lọ.

Pé iṣẹ́ lórí ilẹ̀ ń wo ènìyàn sàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní 2009, Paul Burgess àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn Aborijínì tó tó ọ̀ọ́dúnrún ní Arnhem Land. Àwọn tó ń kópa nínú títọ́jú ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ, ara wọn fúyẹ́ sí i, ìtọ̀ ṣúgà kò pọ̀ lára wọn tó bẹ́ẹ̀, ewu àrùn ọkàn wọn sì kéré. Láti 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń san owó oṣù fún àwọn olùṣọ́ ilẹ̀. Nínú gbogbo owó tí Ọsirélíà ń ná lórí ọ̀ràn yìí, èyí ni mo gbà pé ó bọ́ sí ojú ibi tó yẹ jù, nítorí ó dá àṣẹ padà, ó sì dá iṣẹ́ padà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yẹ kí ilé náà gba irú ọ̀nà yẹn. Ní Tennant Creek, Norman Frank Jupurrurla, àgbà Warumungu, jà títí wọ́n fi gbé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí ilé ìjọba tó ń gbé, ilé tó ní mítà oníkáàdì. Oòrùn ń ràn lórí ilé rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ṣòro ni ìyọ̀ǹda, nítorí kò sẹ́ni tó ti múra sílẹ̀ pé ẹni tó ń ra káàdì iná nínú ilé ìjọba lè fẹ́ ní iná tirẹ̀. Òun àti dókítà Simon Quilty wà lára àwọn tó dá Wilya Janta sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kí àwọn ẹbí Aborijínì fúnra wọn yàwòrán ilé tí wọn yóò gbé, ilé tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, tó ní ibòji níta fún oúnjẹ sísè àti oorun, tó sì bá bí àna ṣe gbọ́dọ̀ yẹra fún àna mu. Ìjọba Northern Territory àti ti àpapọ̀ lè sọ ohun tí ọkùnrin kan jà fún yìí di ẹ̀tọ́ gbogbo ilé oníkáàdì ní aṣálẹ̀ náà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó bá wọn nínú ilé páànù.